Ìyá Aláṣọ àti Akọ̀wé: bí olùgbọ́ ṣe sọ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ di olólùfẹ́ nínú eré rédíò kan ní Iléṣà

Eré orí rédíò ni, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sórí afẹ́fẹ́. Ọmọ Iléṣà ni obìnrin tó kọ ọ́, Iléṣà náà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ọ tàn kálẹ̀ dé Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀. N kò ní dárúkọ òǹkọ̀wé náà, n kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò tó gbé e jáde, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìwé eré kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀, kí n sì sọ ibi tó bá mẹ́hẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí sí èyí, eré ti dé ìdajì, òǹkọ̀wé àti olóòtú kì í sì í kí ara wọn dáadáa mọ́.

Àwọn òṣómàáló ni eré náà dá lé. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ní ṣàì gbọ́ nípa wọn: àwọn oníṣòwò tó ń ru aṣọ lọ sí ìlú àti abúlé tó jìnnà, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí kòkó bá jáde tí owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí onígbèsè bá ń fi òní dọ́la, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní dìde títí yóò fi gbowó.

Nínú eré, nǹkan bí ọdún 1950 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀. Òṣómàáló kan kú. Ó fi opó kan sílẹ̀, ó fi ìwé gbèsè sílẹ̀, ó sì fi àbúrò ọkùnrin kan sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé gbèsè náà. Opó yìí, tí n ó máa pè ní Ìyá Aláṣọ, kò mọ̀wé. Ó gba ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán, kó máa ka orúkọ àwọn onígbèsè fún un, kó sì máa bá a rìn lọ gba owó. Akọ̀wé ni n ó máa pe ọmọkùnrin náà. Kò pẹ́ tí àbúrò ọkọ fi dé pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí, ó ní òun fẹ́ ṣú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lópó. Ìyá Aláṣọ kọ̀. Gbogbo ìjà inú eré ti ibẹ̀ yọ.

Ohun tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé kò ṣòro. Ó fẹ́ fi hàn bí òwò ṣe ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé wọ́n bára wọn tan. Ó sọ fún mi pé òun ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òwò títí ọmọ náà fi ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí wọn ò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kó má jalè. Irú ìbáṣepọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú eré wa. Ọkọ àti aya ló ń wọ̀ ọ́, ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé, orogún àti orogún. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ó yẹ kí èyí náà ní àyè.

Ìran òjò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìyá Aláṣọ àti Akọ̀wé ń bọ̀ láti oko kan lápá Oǹdó, wọ́n ti rìn láti àárọ̀, owó tí wọ́n rí gbà kò tó nǹkan. Òjò dá wọn dúró sábẹ́ abà kòkó. Ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n. Ìyá Aláṣọ bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ní, “Fi èyí bora.” Akọ̀wé ní, “Ìwọ ńkọ́?” Ìyá Aláṣọ dáhùn pé, “Òtútù tó ti mú mi kọjá ju èyí lọ.” Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Òjò ń rọ̀, fèrè ń dún lábẹ́ rẹ̀, ìpín ọ̀sẹ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ìran náà dára. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan ti ń dábàá pé ká yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, ìbéèrè àwọn tó ń tẹ ètò náà láago yí padà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá àbúrò ọkọ máa rí ìwé gbèsè jí gbé. Ní báyìí, wọ́n ń béèrè ìgbà tí Ìyá Aláṣọ àti Akọ̀wé máa jẹ́wọ́ fúnra wọn. Inú àwọn kan ń dùn, wọ́n ní ẹ jẹ́ kí obìnrin náà gbádùn ayé rẹ̀. Inú ń bí àwọn kan gidi, wọ́n ní obìnrin tó lè bí i lọ́mọ ń fẹ́ bà á láyé jẹ́. Àwọn méjèèjì gbà pé ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Lórí ìyẹn, wọn ò jiyàn rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé ṣe ni pé ó mú kí wọ́n máa pe ara wọn ní “ìyá mi” àti “ọmọ mi” nínú ìran tó tẹ̀ lé e, léraléra. Èrò rẹ̀ ni pé ìyẹn á pa ọ̀rọ̀ náà. Kò pa á. Àwọn olùgbọ́ ní wọ́n ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin kan fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé, “Tí wọn ò bá pe ara wọn ní ìyá àti ọmọ, kí ni kí wọ́n máa pe ara wọn lójú ẹbí ọkọ?” Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí bọ́gbọ́n mu. Bí èèyàn bá ti gbà pé àṣírí wà, ohun yòówù tó bá fara hàn bí ẹ̀rí pé kò sí àṣírí á di aṣọ tí wọ́n fi bò ó.

Lẹ́yìn náà ló wá fún Akọ̀wé ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ Ìbòkun, ọmọbìnrin tó mọ́yàn lórí, tó sì lẹ́nu. Èmi ìbá ti rò pé èyí á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe kọ ọ́: gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin náà bá wọlé, Ìyá Aláṣọ wà níbẹ̀. Òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló ń sọ fún Akọ̀wé pé ọmọ náà dára, òun ló ń dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá jọ jáde. Òǹkọ̀wé ń kọ ìyá tó ń yan ìyàwó fún ọmọ. Olùgbọ́ ń gbọ́ obìnrin tó ń fi ọkùnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i. Wọ́n kórìíra ọmọ Ìbòkun náà débi pé òṣèré tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbọ́ èébú lọ́jà. Ìyẹn dùn mí, torí ọmọbìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni mo dé bá wọn. Òǹkọ̀wé ti pinnu láti lọ sórí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, kó sọ pé kò sí ìfẹ́ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Mo ní kó má lọ, mo sì sọ ìtàn kan fún un tí gbogbo ẹni tó ń kọ eré yẹ kó mọ̀. Ní ọdún 1914 ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣe eré Pygmalion tí George Bernard Shaw kọ, nípa olùkọ́ kan tó kọ́ ọmọbìnrin olódòdó kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́lá. Olùkọ́ àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni tiwọn náà. Shaw kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra. Ṣùgbọ́n òṣèré tó ṣe olùkọ́, Herbert Beerbohm Tree, ń ju òdòdó sí ọmọbìnrin náà ní ìparí eré, òǹwòran sì ń lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ọkọ àti aya ni wọ́n máa dà. Ní 1916, Shaw kọ àlàyé gígùn sẹ́yìn ìwé eré náà, ó ní ẹlòmíràn ni ọmọbìnrin náà fẹ́, ó sì ṣàlàyé ìdí. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ eré náà di fíìmù ní 1938, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni ọmọbìnrin náà padà sí. Òǹkọ̀wé tó lókìkí tó báyẹn kò lè fi àlàyé yí ohun tí ojú òǹwòran ti rí padà. Àbúrò mi yìí gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu, kò lọ.

Olóòtú ní tirẹ̀ rò pé kò sí wàhálà rárá. Ó ní iye àwọn tó ń pè ti pọ̀ sí i, onígbọ̀wọ́ ń rẹ́rìn-ín, kí ló dé tí a ò fún àwọn èèyàn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́? Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Àwọn eré kan wà tí olùgbọ́ rí ohun tó dára nínú wọn ju èyí tí òǹkọ̀wé rí lọ, irú rẹ̀ ni kéèyàn tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n èsì tí òǹkọ̀wé fún un ní ọjọ́ náà ni mo rò pé ó gbé eré yìí là. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí obìnrin tó lè sọ pé òun ò fẹ́ láìjẹ́ pé ọkùnrin mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀.” Olóòtú dákẹ́. Ó fún wa láyè díẹ̀ láti wá nǹkan ṣe sí i.

Mo dábàá pé ká lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. A gbé àwọn ìpín náà lọ bá àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti apá Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta. A tún gbé e lọ bá àwọn ìyá aláṣọ ní Ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, àwọn àgbà obìnrin tí òwò yìí jẹ́ òwò wọn. A ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti béèrè báyẹn, ó ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n sọ ìtàn náà padà fún wa, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́.

Nǹkan méjì ló jáde, wọn kì í sì í ṣe nǹkan kan náà.

Èkíní wá láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Ifẹ̀. Ìran òjò kọ́ ni wọ́n tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fura. Láti ìpín àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fura, nígbà tí Akọ̀wé sọ fún Ìyá Aláṣọ pé, “O ò gbọdọ̀ lọ lónìí, òjò ń bọ̀.” Fún ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọkùnrin tó ń bá obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi “ẹ” sí i, ó ti sún mọ́ ọn kọjá bó ṣe yẹ. Òǹkọ̀wé kò rò ó rí. Lẹ́nu àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìdọ̀bálẹ̀, nínú ohùn, nínú ohun tí ọmọ ò jẹ́ sọ lójú àgbà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn ló kọ, àwọn tí kì í ṣe ará ilé wọn sì gbọ́ nǹkan mìíràn. A gba ìran òjò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a fi “ẹ” sí ẹnu Akọ̀wé, a gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ mìíràn. Ìfura wọn dínkù gan-an. A gbé ọ̀kan náà lọ sí Atákúnmọ́sà. Àwọn ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí láyé ìgbà yẹn.

Ká ní ibẹ̀ la dúró sí, à bá ti rò pé a ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọjà tí èdè yìí jẹ́ tiwọn, tí kò sí ohun tó ṣàjèjì sí wọn nínú bí Akọ̀wé ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn náà fura. Ìdí tiwọn yàtọ̀. Nígbà tí ìyá kan tó dàgbà jù láàárín wọn ń sọ ìtàn náà padà fún wa, ó dúró lójijì, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣú òun?” A dákẹ́. Ìyá náà ní, “Obìnrin tó bá kọ̀ báyẹn, ó ní ibi tó ń wò. Ta ló wà nínú eré yín tó lè máa wò? Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.”

Mo wo òǹkọ̀wé. Ó mọ ìdáhùn náà dáadáa. Ó mọ̀ pé Ìyá Aláṣọ kọ̀ nítorí pé bó bá wọ ilé àbúrò ọkọ, òwò á bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin náà, òun á sì di ẹni tó ń dáná. Ìdí yìí ló mú un kọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú eré tó sọ ọ́, kò sì sí ìran kan tí olùgbọ́ ti lè rí i. Ìyá Aláṣọ kàn sọ níwájú ẹbí pé “mi ò fẹ́”, ó sì dìde. Lójú òǹkọ̀wé, bó ṣe dákẹ́ yẹn ni iyì rẹ̀. Lójú olùgbọ́, ihò ni, wọ́n sì fi ẹni tó sún mọ́ ọn jù dí i. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn fún gbogbo ẹni tó ń bínú sí olùgbọ́ tó “ṣi eré gbọ́”: àwọn obìnrin yìí kò ṣì í gbọ́. Wọ́n ń wá ìdí fún ohun ńlá kan tí obìnrin kan ṣe, wọ́n sì mú ìdí kan ṣoṣo tí a gbé síwájú wọn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ọjà, mo rán an létí bí wọ́n ṣe ń pìtàn Mọ́remí ní Ilé-Ifẹ̀. Obìnrin náà jẹ́ kí àwọn ọ̀tá mú òun, ó di aya ọba wọn, ó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi mọ àṣírí aṣọ ìkó tí wọ́n ń wọ̀ wá jagun, ó sì sá padà wálé. N kò tíì gbọ́ kí ọmọ Ifẹ̀ kan béèrè bóyá ó fẹ́ràn ọba náà. Kí Mọ́remí tó gbéra rárá, apìtàn ti sọ ìyà tó ń jẹ ìlú, ó ti gbé Mọ́remí lọ sí etí odò Ẹ̀sìnmìrìn, a ti gbọ́ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́. Ìdí ti wà nílẹ̀ kó tó wọ ààfin. Ìyá Aláṣọ kò ní etí odò tirẹ̀.

Òǹkọ̀wé wá kọ ìran kan tí mo rò pé òun ló dára jù nínú gbogbo eré náà. Akọ̀wé kò sí níbẹ̀ rárá, ó ti lọ bá bàbá rẹ̀ lóko. Ìyá Aláṣọ nìkan ló lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, láìsí ìwé lọ́wọ́, ó ń ka gbèsè náà lórí: aṣọ wo, ìgbà wo, ta ló dúró fún un. Ìyàwó onígbèsè gbé omi jáde fún un, ó ní, “Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ lo wá lóṣòó? Àbúrò ọkọ rẹ ò sí ni?” Ìyá Aláṣọ ní, “Ó wà. Ó ní kí n wá jókòó sílé òun, kí n máa gúnyán fún òun. Mo mọ gbogbo ẹni tó jẹ wá lówó ní oko yìí, títí kan ẹni tó bímọ lánàá. Ọkọ mi ló ra aṣọ, ẹsẹ̀ mi ló gbé e dé ibí. Ọjọ́ tí mo bá wọ ilé ọkùnrin yẹn, ẹsẹ̀ mi di tirẹ̀.” Obìnrin náà kò fèsì. Ó wọlé, ó sì mú owó díẹ̀ wá.

A ṣe àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn pẹ̀lú. A yọ Ìyá Aláṣọ kúrò nínú àwọn ìran àfẹ́sọ́nà, ọmọ Ìbòkun náà wá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti bá Akọ̀wé sọ. Olùdarí gbé fèrè kúrò lábẹ́ ohùn àwọn méjèèjì. Ní ti bí Akọ̀wé ṣe ń sọ̀rọ̀, a kò fi “ẹ” sí i lẹ́nu. Òǹkọ̀wé kọ ìran kúkúrú kan níbi tí Akọ̀wé ti ń bá bàbá tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní irú ọ̀nà kan náà, tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe ń sọ ọ́, kí etí ará Ọ̀yọ́ lè mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń bá òbí sọ̀rọ̀ nìyẹn nílé yìí.

Lẹ́yìn ìran ẹnu ọ̀nà yẹn, ìpè yí padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan fi ìbínú béèrè bóyá ẹbí máa jókòó máa wo obìnrin tó ń kó gbogbo ohun tí ọmọ wọn ṣiṣẹ́ fún lọ. Obìnrin kan dá a lóhùn lọ́sẹ̀ kejì pé ta ló ru aṣọ náà. Lórí ogún àti ṣíṣú opó ni wọ́n ń jà títí eré fi parí, ìjà tí òǹkọ̀wé ti ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn kan ṣì ń retí ìgbéyàwó Ìyá Aláṣọ àti Akọ̀wé títí dé òpin. A ò bá wọn jà. Ìran òjò ṣì wà nínú eré náà bó ṣe wà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ìfẹ́ nínú rẹ̀ á gbọ́ ọ.

Ohun tí mo mú láti inú ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú iṣẹ́ ni pé, bí olùgbọ́ bá gbọ́ ìbáṣepọ̀ kan lódì, n kì í kọ́kọ́ wo ìran tí àwọn méjèèjì ti pàdé mọ́. Mo ń wo ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti ṣe ohun ńlá láìsọ ìdí, bó ti wù kí ìran náà jìnnà tó. Bó bá jẹ́ eré tí ẹ̀ka èdè kan wà nínú rẹ̀, mo ń wá ẹni tí kì í sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ ti èdè àti èyí tó jẹ́ ti ìtàn. Bí kì í bá ṣe àwọn ìyá Atákúnmọ́sà, gbogbo ẹ̀bi là bá di ru “ẹ” kékeré kan. N kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́. Mo ń ní kí wọ́n sọ ìtàn padà. Ibi tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti fi “bóyá” sí i, mo ń fàlà sí i nínú ìwé, kí n tó lọ béèrè ìdí tí òǹkọ̀wé mọ̀ tí kò kọ lọ́wọ́ rẹ̀.